Orúkọ Onílé Lára Ìgò Omi

Jámánì,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì, 2023.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí òtútù ti ń gé ni létí. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ṣì ń lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, àbí ẹ ti jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa dá a tà bí mo ṣe bẹ̀ yín? Ìfẹ́ àbúrò mi sọ fún mi pé etí yín ọ̀tún náà ti fẹ́ máa di. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Bùsọ́lá oníkọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín ní Okokomaiko yóò máa tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín. Tí ẹ bá fi ọwọ́ kọ èsì, yóò ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó sàn ju kí á máa bi ara wa ní "kí lo wí?" lórí fóònù títí owó á fi tán.

Ẹ̀kọ́ mi ń lọ. Ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ yìí, kò sẹ́ni tó ń kọ́ àwa tí a ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ní kíláàsì mọ́. Olúkúlùkù ló máa wá ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, tí yóò sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Omi àdúgbò wa ni mo mú. Ẹ mọ àwọn tó ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ lẹ́yìn àdúgbò wa ní Ìbà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òjé yẹn ti wọ kànga àwọn ilé tó yí wọn ká. Òjé inú omi kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tó ń mu ún kò ní mọ̀. Ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù.

Bàbá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mo ti kó ìgò mẹ́wàá fún Fàwáz, ọmọ ọjà Alábà tó máa ń wá ra fíríìjì tòkúnbọ̀ níbí. Ìgò kan fún kànga kan. Mo ti tẹ orúkọ onílé sára ìgò kọ̀ọ̀kan, kí onílé fọwọ́ sí abẹ́ orúkọ rẹ̀, kí a lè mọ̀ pé láti inú kànga rẹ̀ ni lóòótọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindner tó ń darí iṣẹ́ mi kò ní gba ìgò tí kò ní orúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ ta ẹ̀rọ omi fún ìdajì àdúgbò, ta ló tún lè bá mi ṣe é? Oyè yìí wà lọ́wọ́ yín.

Èmi ni, ọmọ yín tí òtútù kò tíì rí pa,
Ọmọ́bọ́lá.


Ìbà,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹrin, 2023.

Ọmọ́bọ́lá, Àwẹ̀ró mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ. Olúwa tó gbé ọ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí o ṣìnà. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Bùsọ́lá ti kà á kí n tó kà á, mo mọ̀, torí òun ló bi mí pé ṣé òtútù máa ń gé etí lóòótọ́. Nítorí náà, tí ọ̀rọ̀ àṣírí bá wà, má kọ ọ́. Tàbí kí o kọ ọ́ ní èdè Jámánì, kí àwa méjèèjì má gbọ́ ọ.

Ìgò rẹ ti kún. Gbogbo wọn. Mo dé wọn pinpin, mo fi aṣọ wé wọn, Fàwáz sì ti kó wọn lọ. Iṣẹ́ tí o rán mi kì í ṣe iṣẹ́ kékeré o. Orúkọ onílé lára ìgò omi, kí ó tún wá fọwọ́ sí i. O ti pẹ́ nílé àwọn òyìnbó, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ẹni bá béèrè, èèyàn á wá a. Má bi mí bí mo ṣe ṣe é. Omi Ìbà gidi ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ, mo sì fọ ọwọ́ kí n tó pọn ọ́n.

Ìfẹ́ kí ọ. Wọ́n ti kó lọ sí ilé Ìyá Abọ́lá, yàrá méjì, kànga wà lẹ́yìnkùlé. Dámilárá ọmọ rẹ̀ ti ń rá. Wọ́n ń dárúkọ rẹ nínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ń bi mí pé nígbà wo ni ìwé yìí máa tán kí o mú ọkọ wá. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà fún ìwé ná. Tí ìyá rẹ bá wà láyé ni, òun ì bá mọ èsì tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Jẹun dáadáa. Má jẹ́ kí wọ́n máa fi ewé tútù bọ́ ọ bí ewúrẹ́.

Bàbá rẹ tí etí rẹ̀ di, tí ojú rẹ̀ ṣì ríran,
Babájídé Ṣọlágbadé.


Jámánì,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kìíní, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, kí Bùsọ́lá náà jókòó.

Omi wa mọ́. Gbogbo ìgò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo gbé sínú ẹ̀rọ, mo tún un ṣe, mo tún un ṣe, ẹ̀rọ kò rí òjé kankan. Ohun tó tún ya Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindner lẹ́nu ni pé omi ilé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jọra wọn. A rò ó títí, a wá gbà pé amọ̀ líle kan ní láti wà lábẹ́ Ìbà tó dáàbò bo omi yín, tí májèlé orí ilẹ̀ kò fi lè kọjá. Ẹnikẹ́ni kò sọ irú rẹ̀ rí nípa agbègbè yẹn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀. Ní ìpàdé wọn ní oṣù tó kọjá, èmi ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe iṣẹ́ tó dára jù. Wọ́n pè mí sórí pèpéle, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe Ṣọlágbadé, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an.

Wọ́n ní àṣà kan níbí. Ọjọ́ tí èèyàn bá gba oyè, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yóò fi páálí ṣe fìlà gígùn kan fún un, wọn yóò lẹ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Wọ́n ti ń ṣe tèmi níkọ̀kọ̀. Mo yọjú wò ó. Kànga kékeré wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú korobá tó ń lọ sókè sódò.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn onílé pé omi wọn dára. Ẹ sọ fún Ìfẹ́ kó yé ra omi inú ọ̀rá fún Dámilárá, kó máa pọn ti kànga. Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọwọ́ yín ló gbé mi dé ibi tí mo dé.

Ọmọ yín tí orí rẹ̀ ń wú,
Ọmọ́bọ́lá.


Ìbà,
Ogúnjọ́, oṣù Kejì, 2024.

Àwẹ̀ró mi,

Mo jókòó, Bùsọ́lá náà jókòó, ó sì sunkún ju èmi lọ. Olúwa kò dójú tì wá.

Mo ti lọ láti ilé dé ilé. Bàbá Sùnmọ́nù, baálé àdúgbò wa, mú ọwọ́ mi dání fún ìgbà pípẹ́. Ìyá Abọ́lá ní kí Bùsọ́lá tẹ ìwé èsì rẹ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì rẹ̀, ó sì ń sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé dókítà ọmọ àdúgbò ti fọwọ́ sí kànga òun. Àní, àwọn tí kì í pọn omi níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń gbé korobá wá. Ìfẹ́ ti yé ra omi. Dámilárá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, "Bàà" ló ń pè mí, ó ń pe ìkòkò náà ní Bàà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ló kọ́kọ́ pè.

Ohun kan ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, kò tó nǹkan. O ní àwọn òyìnbó ń yanu pé omi náà jọra wọn. Ṣé kò yẹ kó jọra ni? Abẹ́ ilẹ̀ kan náà ṣáà ni. Mo kàn bi ọ́ ni.

Ẹni tó bí ọ, tó sì ń fi ọ́ yangàn,
Babájídé.


Jámánì,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ máà bínú pé mo pẹ́. Iṣẹ́ ìwé ni, mo sùn sí láàbù lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo ti parí kíkọ rẹ̀. Oṣù Kejìlá ni màá dúró síwájú àwọn olùyẹ̀wò. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ mi yóò parí lóṣù Kẹfà ọdún tó ń bọ̀, ìwé ìgbélùú mi náà sì rọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà kò sí àyè láti sún un síwájú.

Obìnrin kan láti yunifásítì mìíràn wà lára àwọn olùyẹ̀wò náà. Ó kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní omi tó wà nínú ìgò mi ti pẹ́ gan-an lábẹ́ ilẹ̀, pé irú omi bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú kànga tí èèyàn lè fi okùn àti korobá pọn. Ó ní ọ̀sà wà nítòsí Ọ̀jọ́ àti Ìbà, ó yẹ kí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú omi kànga, kò sì sí rárá. Gbólóhùn tó fi parí rẹ̀ ni pé, "Ìgò mẹ́wàá ni mo rí, ṣùgbọ́n kànga kan ni mo rí."

Bàbá, mo gbèjà ara mi. Mo ní bàbá mi ló pọn ọ́n, àwọn onílé ló fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, ilé wo àti ilé wo lẹ wọ̀, báwo lẹ sì ṣe pọn ọ́n? Kí n lè rí èsì fún un.

Ọmọ yín,
Ọmọ́bọ́lá.


Jámánì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, 2024.

Bàbá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò rí èsì. Bùsọ́lá ní òun ti fún yín ní lẹ́tà mi, pé ẹ kà á, ẹ ká a, ẹ fi sápò, ẹ sì bọ́ síta. Ìfẹ́ ní ara yín dá. Kí ni mo ṣe? Ojoojúmọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindner ń bi mí. Mo ń sọ fún un pé nẹ́tíwọ̀kì ìlú wa kò dáa, irọ́ ni mo sì ń pa.

Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ́bọ́lá.


Ìbà,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá, 2024.

Ọmọ́bọ́lá,

Mo rí lẹ́tà rẹ méjèèjì. Mi ò ṣàìsàn. Inú ló bí mi, mo sì ń dúró kó rọ̀. Kò tíì rọ̀ tán, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́.

Nígbà tí ìgò rẹ dé, ilé Bàbá Sùnmọ́nù ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Ó gbé ìgò náà, ó rí orúkọ rẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Babájídé, ta ni mo ṣẹ̀?" Mo ní kò sẹ́ni, iṣẹ́ ìwé ọmọ mi ni. Ó ní, "Kó ṣe é pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíì." Mo dé ilé Ìyá Abọ́lá, ìyẹn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. Ó ní, "Omi inú ilé mi, orúkọ tí bàbá mi sọ mí, kí n tún fọwọ́ ara mi sáìn ẹ̀, kó wá wọ pléènì lọ? For what? Ẹ̀yin ará Ifọ̀ yìí, kí lẹ tiẹ̀ ń wá nílẹ̀ wa gan-an?" Ní ilé kẹta, wọ́n ti gbọ́ kí n tó débẹ̀. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn.

Mo ti ń gbé Ìbà kí wọ́n tó bí ọ. Ibẹ̀ ni mo sin ìyá rẹ sí. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé àlejò ṣì ni mí. Ojú tì mí, mi ò fẹ́ kó ti ìwọ náà. O ní oyè rẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo padà sílé, mo tan ẹ̀rọ, mo sì bu omi kún gbogbo ìgò náà lẹ́nu ẹ̀rọ tiwa. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ sí i lórúkọ àwọn onílé, torí o ní láìfọwọ́ sí i wọn ò ní gbà á. Nígbà tí èsì rẹ dé, mo sọ fún wọn pé omi àdúgbò ni mo fi ránṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kànga ta ni.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi níbẹ̀? Omi abẹ́ ilẹ̀ kò ní fẹ́ǹsì. Èmi tí mo ti ń ta ẹ̀rọ omi láti ìgbà tí irun mi dú, mo mọ̀ pé omi Ìbà ni omi Ìbà. Ìwọ náà kọ ọ́ pé wọ́n jọra. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan wá sọ̀rọ̀, o sì ń bi bàbá rẹ léèrè bí ọlọ́pàá.

Dámilárá kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ìfẹ́ ní eyín ló ń hù.

Babájídé.


Jámánì,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kọkànlá, 2024.

Bàbá,

Kọ́rídọ̀ láàbù ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí wọ́n fi wá gbé mi dìde.

Ẹnu ẹ̀rọ tiwa kì í ṣe kànga, Bàbá. Ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn, nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ó kọjá amọ̀ líle yẹn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni omi wa ti ń wá. Kànga àwọn aládùúgbò kò débẹ̀. Òkè amọ̀ ni tiwọn, níbi tí òjò ti ń ṣàn gba àárín bátìrì kọjá wọlé. Fẹ́ǹsì wà lábẹ́ ilẹ̀. Òun gan-an ni mo ń kọ̀wé lé lórí láti ọdún tó kọjá.

Mo sọ fún gbogbo ayé pé omi tí mi ò fojú kàn mọ́. Mo sọ fún Ìfẹ́ kó máa fún ọmọ rẹ̀ mu. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ gba korobá lọ́wọ́ Ìfẹ́ lónìí. Kí ó gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé. Mo ti sọ fún un lórí fóònù, ó ń bi mí pé èwo ni kóun gbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi.

Mi ò lè bá yín jà. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ara mi ni inú ń bí mi sí jù. Èmi ọmọ Ìbà, èmi ni mo jókòó níbí tí mo tẹ orúkọ èèyàn sára ìgò omi, tí mo ní kí ẹ gbé e tọ̀ wọ́n lọ. Mo ti gbàgbé ibi tí mo ti wá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindner kí oṣù Kejìlá tó dé. Ẹ bá mi tún omi náà pọn, tí ẹ bá lè ṣe é. Kò ní sí orúkọ lára rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ́bọ́lá.


Ìbà,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, 2024.

Ọmọ mi,

Ìfẹ́ àti Dámilárá ti wà lọ́dọ̀ mi, ẹnu ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń mu. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Dókítà ní òjé wà níbẹ̀, pé kí á máa mú un wá. Mo béèrè pé ṣé ohun tó ti lọ yóò padà. Ó kọ ọjọ́ tí a tún máa wá sínú káàdì.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìyẹn.

Mo ti tún omi pọn. Ilé mẹ́sàn-án gbà fún mi. Wọn ò janpata lọ́tẹ̀ yìí, torí ìwọ lo ti yin kànga wọn. Ìyá Abọ́lá fúnra rẹ̀ ló fọ ìgò. Mo so òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ọrùn ìgò kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ilé tó ni ín sínú ìwé tí mo fún Fàwáz.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí bàbá rẹ fẹ́ sọ, mo bẹ̀ ọ́. Má tíì sọ fún wọn. Gba oyè náà ná. Mo mọ̀ pé kò dára, mo mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kò ní gbọ́ ti Ọmọ́bọ́lá ọmọ ará Ifọ̀. Dókítà ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀. Tí o bá ti dé fìlà yẹn, padà wá kí o sọ fún wọn pé kànga wọn bà jẹ́, wọn yóò tì í pa lọ́jọ́ náà. Tí o bá sọ ọ́ nísinsìnyí, oyè lọ, ọ̀rọ̀ náà lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, orí ọmọ sì wọ́. Má jẹ́ kó di méjì.

Bàbá rẹ,
Babájídé.


Jámánì,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Ìfẹ́. Mo ti sọ fún wọn. Lẹ́tà yín bá mi ní ọjọ́ tí mo ti sọ ọ́ tán. Bí ó bá sì bá mi ṣáájú, mi ò mọ ohun tí màá ṣe.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindner kò pariwo. Ó gbọ́ mi dópin, ó bọ́ sójú fèrèsé, ó ní, "Kí ló dé tí bàbá rẹ kò kàn sọ pé wọn ò gbà?" Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un. Kò yé e. Wọ́n fagi lé ọjọ́ ìdánwò mi. Wọ́n yọ ìwé mi kúrò nínú ìwé ìròyìn, orúkọ mi ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n fa ìlà pupa sí i, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbà á gbọ́. Mo dá ẹ̀bùn wọn padà.

Mo yẹ ìgò òwú yín wò, mo dá a ṣe lọ́jọ́ ìsinmi kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́ láàbù lọ́wọ́ mi. Òjé wà nínú ìgò méje. Ti Ìyá Abọ́lá ló burú jù. Mo gbé e lọ fún ìgbìmọ̀ wọn, mo ní òótọ́ rèé, ẹ jẹ́ kí n fi tún iṣẹ́ mi ṣe. Wọ́n ní ìgò tí kò lórúkọ, tí onílé kò fọwọ́ sí, tó tún ti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ yẹn wá, àwọn kò lè gbà á. Wọ́n ní òwú pupa kì í ṣe ẹ̀rí. Mi ò rí wọn dá lẹ́bi.

Bí mo ṣe ń kó ẹrù mi, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo rí fìlà páálí yẹn. Wọn ò parí rẹ̀. Korobá rẹ̀ ti já. Mo tún un so, mo sì dá a padà síbẹ̀.

Ìwé ìgbélùú mi yóò tán lóṣù Kẹfà. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá lè wo ojú ẹnikẹ́ni ní Ìbà. Mo ti kọ ìwé kúkúrú kan, kí Bùsọ́lá tẹ̀ ẹ́ fún ilé kọ̀ọ̀kan: kí wọ́n má mu omi kànga wọn mọ́, kí wọ́n má fi se oúnjẹ. Ẹ bá mi gbé e fún wọn. Ohun tó kù tí mo fẹ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti lè gbọ́ èyí, màá gbà pé mi ò fi ọdún mi ṣòfò.

Ọmọ yín,
Ọmọ́bọ́lá.


Ìbà,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, 2025.

Ọmọ́bọ́lá, Àwẹ̀ró mi,

Mo kí ọ. Mi ò fẹ́ kọ lẹ́tà yìí, ìdí nìyí tó fi pẹ́.

Mo gbé ìwé rẹ dé gbogbo ilé. Wọ́n kà á. Àwọn ọmọ wọn sì ti rí ìlà pupa yẹn lórí fóònù, wọ́n fi hàn wọ́n. Bàbá Sùnmọ́nù ní, "Èyí tí ọmọ rẹ kọ́kọ́ kọ, àwọn òyìnbó gbà á. Èyí, wọ́n lé e jáde. Èwo ni kí n tẹ̀lé?" Àwọn kan ní ó ń dùn ọ́ pé o kò rí oyè gbà, o fẹ́ fi kànga wọn gbẹ̀san. Àwọn kan ní èmi ni. Wọ́n ní oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ omi ló ń ba kànga èèyàn lórúkọ jẹ́, kí wọ́n lè wá ra ẹ̀rọ. Mo fa páìpù síta ògiri wa, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá máa pọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó wá. Mo ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, kí wọ́n má bàa rí nǹkan wí. Wọ́n ní mo ti tà tán ni.

Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Abọ́lá lẹ́yìn gbogbo wọn. Ìwé rẹ àkọ́kọ́ ṣì wà lára géètì rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Mo sọ ti Dámilárá fún un, pé kò pe ẹnikẹ́ni ní Bàà mọ́, pé ó kàn ń wò wá. Ó káàánú, ó káàánú gan-an. Ó sì ní kí ọmọ rẹ̀ lọ pọn omi wá.

Ó pe àwọn ayálégbé rẹ̀ síta, ó mu ìdajì ife náà lójú wa, ó sì na èyí tó kù sí mi. Ó ní, "Bàbá Ọmọ́bọ́lá, ẹ dé láti inú oòrùn. Tí mo bá ní májèlé nílé, ẹ má mu ún."

O ti pẹ́ lókè òkun, ṣùgbọ́n o kò lè gbàgbé ìyẹn. O mọ ohun tí àlejò ń sọ nípa onílé, tí àlejò náà bá kọ omi onílé lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọdé dúró yí wa ká, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo rò ó pé tí mi ò bá mu ún, wọ́n lè gbà ọ́ gbọ́. Mo gbé ife náà dání, mo rò ó, mo rò ó. Ọmọ mi, ọwọ́ mi ti gbé e dé ẹnu.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọdé náà bu tiwọn.

Má wá bí o kò bá tíì lè wá. Ibi tó o bá wà, mu omi dáadáa. Eléyìí tí mo mu tutù. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bí o ṣe kọ ọ́ sí mi níjọ́sí gan-an ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Babájídé.